Ẹni Tó Máa Yẹ Ilé Wò Ń Bọ̀, Ṣé Ká Jọ Lọ Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi ti rí ilé tó wù wá, àwa àti onílé ti fẹnu kò lórí iye, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni insipẹ́kítọ̀ máa wá yẹ ẹ́ wò. Ọkọ mi ní kó lọ dá a ṣe, ká ṣáà gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rù tiẹ̀ ń bà mí pé tó bá rí nǹkan, ilé yẹn á bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra o, àǹtí wa. Ẹ bá mi bẹ ọ̀gá, kẹ́ ẹ jọ lọ. Èmi ò tẹ̀ lé ẹni tó yẹ tèmi wò, ìwé ni mo kà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀rinrin díẹ̀ wà lára ògiri yàrá ẹ̀yìn, mo rò pé nǹkan kékeré ni, àfìgbà tá a kó wọlé tán, tí mo sún wọ́dúróòbù kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù 2, tí mo rí i tí gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀ ti hu dúdú.

Yíyẹ ilé wò máa ń tó wákàtí 2 sí 3, ilé ńlá lè jù bẹ́ẹ̀. Insipẹ́kítọ̀ á wo òrùlé, gọ́tà, ibi tí omi òjò ń gbà lọ, á tan iná, á ṣí ẹ̀rọ omi, á gorí sílìn. Omi ni kẹ́ ẹ fọkàn sí jù. Tí wọ́n bá kun ọ̀dà tuntun sójú kan ṣoṣo lára sílìn, ẹ bèèrè ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì dé ẹ̀yìn, tí pákó ibẹ̀ bá ti wú, tó ń rún mọ́ yín lọ́wọ́, páìpù ti jò níbẹ̀ rí nìyẹn, kódà kó gbẹ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé.

Ògiri tó sán tín-ín-rín bí irun kì í sábà ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tó sán dagẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tàbí tó ń gba àárín búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, tó sì fẹ̀ débi tí kọ́ìnì lè wọ̀ ọ́, ilẹ̀ lè ti máa rì lábẹ́ fáúńdéṣọ̀n, ẹ pe ẹnjiníà.

Kò sí pé ilé yege tàbí ó fìdí rẹmi o. Ilé tuntun gan-an, wọ́n máa ń rí nǹkan kọ nípa ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí gígùn ìwé náà já yín láyà. Ẹ ṣáà bi insipẹ́kítọ̀ kẹ́ ẹ tó túká: èwo ló léwu, èwo ló máa gbówó, èwo ló lè dúró? Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá kí onílé tún un ṣe, kó yọ nínú owó, tàbí kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ. Insipẹ́kítọ̀ ò ní fọ́ ògiri wo inú ẹ̀ ṣá, ọ̀rọ̀ ìwé ilé sì jẹ́ ti lọ́yà.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wá insipẹ́kítọ̀ yìí o, kì í ṣe ẹni tí onílé tàbí ejẹ́ńtì bá mú wá. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Tí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má sún un síwájú rárá, ọjọ́ tó dáa jù láti wo ilé nìyẹn.