Ọyẹ́ la ní, a ò ní yìnyín: ìbéèrè yín lórí ọkọ̀ ojú omi tòkúnbọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Mo ra ọkọ̀ ojú omi oní fáíbà kan lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, á ti tó ogún ọdún, ẹnjìnnì Yamaha 40 tó ń mu epo pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ló wà nídìí ẹ̀, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi la jọ fi ń pẹja ní Ìkéré Gorge lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìsẹ́yìn. A ò ní lò ó láti Dìsẹ́ńbà títí òjò á fi padà dé. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà wá ń pariwo pé mi ò gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n wá antifreeze, oògùn tí kì í jẹ́ kí omi di yìnyín, dà sínú ẹnjìnnì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa là. Mo ti wá a dé Ìbàdàn. Ṣé lóòótọ́ ni? Ohun kan tún ni pé ìdí ọkọ̀ yẹn ti ń mì díẹ̀ tá a bá fún un níná.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, owó antifreeze yẹn, fi ra ọ́ìlì. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò parọ́ o, ibi tó wà ló fi ń sọ̀rọ̀. Lọ́hùn-ún omi máa ń di yìnyín, tó bá sì di yìnyín á wú, bí ìdá 9 nínú 100 ló fi ń tóbi sí i, tó bá wá há sínú irin tí kò ríbi wú sí, irin yẹn á là ni. Ẹnjìnnì tó wà nínú ikùn ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń da antifreeze sí. Irú tìẹ tó so mọ́ ìdí ọkọ̀ lóde, tó o bá ti gbé e dúró ṣánṣán báyìí, omi inú ẹ̀ á ro jáde fúnra ẹ̀, kódà ní Kánádà. Ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ lè mú kí ètè là, kì í la ẹnjìnnì.

Epo tó pẹ́ nínú ẹ̀ ló ń pa ẹnjìnnì nílẹ̀ wa. Pẹtiróòlù tó bá jókòó oṣù mẹ́ta mẹ́rin, èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ á ti fò lọ, ìyókù á wá dà bí gọ́ọ̀mù nínú kábúrétọ̀, tó bá di ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ padà sódò ẹ máa fa okùn títí apá á fi bọ́. Torí náà, wá dírọ́ọ̀mù, pọn omi tó mọ́ kún un, ti ẹsẹ̀ ẹnjìnnì bọ̀ ọ́, tan án kó ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹrẹ̀ Ìkéré àti iyọ̀ Èkó tó kù lára ẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà yọ ọ́ọ̀sì epo, jẹ́ kó jó èyí tó kù nínú ẹ̀ tán kó kú fúnra ẹ̀. Má tan án lórí ilẹ̀ gbígbẹ láé, ìṣẹ́jú kan ò ní pé tí rọ́bà impeller tó ń fa omi á ti jó. Tú síkúrù kékeré tó wà nísàlẹ̀ kábúrétọ̀ kí èyí tó ṣẹ́ kù ro dànù, tú àwọn plọ́ọ̀gì, kán ọ́ìlì bí ṣíbí tíì kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan, fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin, dá plọ́ọ̀gì padà. Ó parí. Epo tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ má tọ́jú ẹ̀ de òjò, tó bá sì di ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ po òmíràn, èyí tí mo mọ̀ fún ọ̀pọ̀ irú ẹnjìnnì yìí ni lítà 1 ọ́ìlì sí lítà 50 epo, ìyẹn ààbọ̀ lítà sí kẹ́ẹ̀gì 25 kan, àmọ́ ìwé ẹnjìnnì yẹn gan-an ni kó o tẹ̀ lé.

Ìdí tó ń mì yẹn ló bà mí lẹ́rù ju gbogbo ohun tó o kọ lọ. Láàárín fáíbà méjì tó o rí níbẹ̀, pákó ló sábà máa ń wà, omi sì máa ń gba ojú ihò bóòtù wọlé kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mú ìdí síkúrù-dírẹ́fà kó o máa fi kàn án káàkiri. Ọmọ ilẹ̀ wa lo jẹ́, o mọ ohùn ìlù tí awọ ẹ̀ ti mumi: ibi tó bá le á dún ganrangan, ibi tó ti jẹrà á máa dún bù, bù, bù. Tó bá dún bẹ́ẹ̀, lu ihò kékeré kan láti inú lọ́hùn-ún nísàlẹ̀, tí ìyẹ̀fun pákó tó jáde bá dúdú tó sì tutù, má gbé ẹnjìnnì kọ́ ọ mọ́ títí wọ́n á fi gé pákó yẹn kúrò tí wọ́n á fi tuntun sí i. Ẹnjìnnì lè já bọ́ sínú omi kó fa ìdí ọkọ̀ dání, ẹ̀yin sì wà nínú ẹ̀.

Ibi tí ọyẹ́ ti wúlò rèé. Àwọn òyìnbó ń sá fún òtútù, àwa ní afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń fa omi jáde lára fáíbà lọ́fẹ̀ẹ́, èèyàn wá lọ fi tapólì wé ọkọ̀ pinpin bí òkú! Ṣí i sílẹ̀ lábẹ́ búkà, gbé imú ẹ̀ ga, yọ ìdérí ihò omi tó wà nídìí, to igi sábẹ́ ẹ̀ dáadáa kó má jẹ́ ojú méjì péré ló gbé e dúró. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ẹ̀ ti gbẹ, ha ọ̀dà ibì kan kúrò, fi sẹ́lótéèpù lẹ ọ̀rá funfun mọ́ ọn yíká, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí omi bá ṣẹ́ sábẹ́ ọ̀rá, kò tíì gbẹ. Kó o sì ro ilẹ̀ yíká ibẹ̀ o, àwọn tó ń sun igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ò ní bi ẹ́ kí wọ́n tó ṣáná, fáíbà sì ń jó gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀yọ́ ni mo wà, mo ti fẹ̀yìn tì. Abẹ́ ọkọ̀ ojú omi mi lu, panel beater fi body filler tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò dí i, kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi bọ́. Mo wá ra resin, ìyẹn oje tó ń gan fáíbà pọ̀, àti accelerator pẹ̀lú catalyst tó ń mú kí oje náà le, mo ṣe é fúnra mi, ó ti le ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ ṣeun. Kí n tó dáhùn rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí accelerator àti catalyst kan ara wọn láìsí resin láàárín wọn, ó lè gbaná lójú ẹsẹ̀ tàbí kó bú gbàù. Accelerator ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pò mọ́ resin dáadáa, catalyst ló máa kẹ́yìn. Mo ti rí ẹni tó gbé ṣíbí kan ṣoṣo káàkiri inú ike méjèèjì, Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Lílẹ̀ tó ń lẹ̀ yẹn kì í ṣe àrùn. Afẹ́fẹ́ ni kì í jẹ́ kí ojú irú resin bẹ́ẹ̀ gbẹ tán, tí kò bá ti ní wax nínú. Ẹ fi acetone nù ún, ẹ fi sáńpépà fá a. Nígbà mìíràn ẹ fi ọ̀rá tẹ́ ojú ẹ̀ títí á fi le, ìyẹn tún ń gbà yín lọ́wọ́ eruku ọyẹ́ tí ń bà sórí ẹ̀. Catalyst ò gbọ́dọ̀ dín ní gíráàmù 10 sí kílò resin kan, kó má sì ju 20 lọ, ọ̀sán gangan ẹ dín in sún mọ́ 10.

Body filler ń fa omi mu, ti búḿpà mọ́tò ni, kì í ṣe ti abẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ha ojú ibi tó lu kó fẹ̀ kó sì fẹ́lẹ́ wá sí etí, tí fáíbà bá nípọn mílímítà 5, ẹ ha á wọlé tó mílímítà 60 yíká, kẹ́ ẹ tó to fáíbà mat, èyí tó rí bí aṣọ, sí i. Ẹ bo imú. Ìyún eruku yẹn, omi tútù ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀ ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Gíà ọ́ìlì ẹnjìnnì mi funfun bí tíì oní mílíìkì. Ṣé ó ti gbó ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, omi ti wọ ọ́. Ọ́ìlì síìlì ló ti jẹ, ó ṣeé ṣe kí okùn ìpẹja ti wé mọ́ ibi tí fáànù tó ń ti ọkọ̀ nínú omi ti ń yí. Yọ fáànù, wo ibẹ̀ kó o tó ra nǹkan kan.