Ta ló ní Newton ti kú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ ọdún 26 ni mí, sólà ni mò ń so fún àwọn èèyàn ní Kubwa. Mo ka físíìsì dé SS3, mo sì fẹ́ dá kọ́ físíìsì òde òní. Ẹnì kan ń ta ẹ̀kọ́ quantum (físíìsì àwọn nǹkan tín-tìn-tín) ọlọ́jọ́ 14 lórí WhatsApp ní 30,000 náírà. Ó ní kò sí ìṣirò nínú rẹ̀, pé Einstein ti pa físíìsì àtijọ́ ti Newton rẹ́, ká má wulẹ̀ fi ìyẹn ṣòfò àkókò. Ṣé kí n san án, àbí ìwé wo ni kí n kà?

Ìdáhùn: Àbúrò, má san kọ́bọ̀. Ìwọ lo ṣe ẹnì kẹrin tó ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí lóṣù yìí, ó sì ti sú mi. Ti ìwé kò le rárá. Irọ́ tí wọ́n pa mọ́ Newton ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá wí.

“Òde òní” yẹn kì í ṣe ti àná: ọdún 1900 ni onímọ̀ físíìsì tó ń jẹ́ Max Planck bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jámánì. Mú mọ́tò tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú títì Kubwa. Bí o bá fi ìṣirò Einstein, tó ní aago ohun tó ń sáré máa ń falẹ̀, wò ó, lẹ́yìn odindi wákàtí kan, ohun tí aago inú rẹ̀ máa fi rẹ̀yìn kò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Ibi tí mọ́tò náà máa dúró sí bí dírẹ́bà bá tẹ búrékì, ọwọ́ Newton nìyẹn ṣì wà.

Ẹ jẹ́ ká wá síbi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Mú pánẹ́ẹ̀lì kan lọ́sàn-án gangan, fi mítà wo volt rẹ̀ kí o tó so ó mọ́ nǹkan kan. So ó mọ́ bátìrì tí kò tíì kún, kí o wo amp, ìyẹn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Tún un ṣe lọ́jọ́ tí eruku ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run. Volt máa já díẹ̀, amp máa já wálẹ̀ bọ̀ọ̀. O ti rí i àìmọye ìgbà, o kàn ò bi í léèrè ni. Hóró-hóró bí àgbàdo ni ìmọ́lẹ̀ ń wá. Photon là ń pe hóró kọ̀ọ̀kan. Photon tó bá lágbára tó máa ń tú electron kan, hóró iná mànàmáná, sílẹ̀ nínú silicon tí wọ́n fi ṣe pánẹ́ẹ̀lì. Iye hóró ni eruku dín kù, kò dín agbára hóró kọ̀ọ̀kan kù; ìdí nìyẹn tí amp fi já ju volt lọ. (Àlàyé yìí ò pé o. Ooru náà máa ń fa volt wálẹ̀.)

Ìbátan rẹ̀ ni photoelectric effect, ohun tí Einstein ṣàlàyé ní 1905, tí wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti 1921: mú agbára photon, yọ owó-ibodè tí electron máa san kó tó jáde nínú irin, èyí tó kù ló máa fi sáré. Àyọkúrò lásán! Ṣùgbọ́n bí o ò bá mọ ohun tí agbára jẹ́, tí o ò mọ bí ìgbì ṣe ń mì, kí lo fẹ́ yọ kúrò nínú kí ni? Inú físíìsì àtijọ́ tí oní-WhatsApp yẹn ní kí o jù nù ni méjèèjì wà.

Pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni mo wí o. Iná DC (iná tó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo) láti ara pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ tí a so tẹ̀lé ara wọn lè pa èèyàn. Má lọ sọ pé èmi ni mo rán ọ.

Ìwé SS3 rẹ ni kí o kọ́kọ́ ṣí, photoelectric effect wà nínú sílábọ́ọ̀sì WAEC. Lẹ́yìn náà, wa University Physics ti OpenStax jáde, ọ̀fẹ́ ni, Rice University ní Amẹ́ríkà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ka agbára àti ìgbì nínú Volume 1 kí o tó bọ́ sí orí karùn-ún Volume 3. Bí calculus bá dẹ́rù bà ọ́, College Physics wọn kò lò ó. Lórí PhET, ojúlé ayélujára tí èèyàn ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán físíìsì wò, wá Blackbody Spectrum: bí o ṣe ń fa ìwọ̀n ooru sókè ni àwọ̀ ohun tó gbóná náà ń kúrò ní pupa lọ sí funfun, bí irin nínú iná alágbẹ̀dẹ. Fídíò ni kó gbẹ̀yìn. Ó ń jẹ dátà, èèyàn á sì máa mi orí láìmú bírò. Ìbéèrè tó wà ní ìparí orí ìwé kọ̀ọ̀kan ni kí o máa ṣe. Mi ò lè ṣèlérí iye oṣù tó máa gbà ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́ 14.

Bí 30,000 yẹn bá sì ń yún ọ lọ́wọ́, fi kún owó mítà tó ń ka amp DC dáadáa.