Ẹṣin wo ló máa wọlé? Ìdáhùn fún ẹni tó ń lọ sí pápá York

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Leeds ni mò ń gbé. Àwa ará ibi iṣẹ́ fẹ́ lọ wo eré ẹṣin ní York nínú oṣù Kẹjọ, ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n máa sá Ebor, eré ńlá ọjọ́ náà. Eré méje ni wọ́n máa sá lọ́jọ́ náà, oníkálùkù á sì mú ẹṣin kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ bọ́ọ̀lù, mo máa ń ta béètì rẹ̀ níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ti ẹṣin ò yé mi rárá. Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ èyí tó máa wọlé? Ẹnì kan lórí Telegram tún ní kí n máa san £30 lóṣù, òun á máa fún mi ní ẹṣin tó ṣúà. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Àbúrò, má san kọ́bọ̀. Iṣẹ́ tí mo fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún ni gbígbé ọ́ọ̀dì lé ẹṣin fún ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kan níbí, ní àríwá England. Ẹni tó bá mọ ẹṣin tó ṣúà, kí ló fẹ́ fi £30 rẹ ṣe? Àwọn tó ń ta bánkà lẹ́nu ọ̀nà ilé pọ́ọ̀lù nílé láyé ọjọ́un ló kàn kó lọ sórí fóònù. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ò sì le: á fi orúkọ ẹṣin kan ránṣẹ́ sí ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀, á fi òmíràn ránṣẹ́ sí ìdajì tó kù. Àwọn tí tiwọn bá wọlé á máa pè é ní wòlíì. Àwọn tí tiwọn gé á rọra dákẹ́.

Kò sẹ́ni tó ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwa máa ń ṣe ni pé a ó wo ẹṣin kọ̀ọ̀kan, a ó wá bi ara wa pé: bí wọ́n bá sá eré yìí ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà mélòó ni ẹṣin yìí á gbà á? Ẹṣin ààyò, ìyẹn èyí tí owó pọ̀ lórí rẹ̀ jù, máa ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́ta eré tí wọ́n ń sá ní Britain. Ìdá méjì tó kù, ẹlòmíràn ló ń gbà á. Tí o bá wá so ààyò méje pọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn, ìgbà 1 péré nínú 2,187 ni gbogbo wọn á wọlé. Ẹyọ kan ló máa gé e.

Ní York tí ẹ ń lọ yìí náà, ní 1972, ẹṣin kan wá tó ń jẹ́ Brigadier Gerard. Ó ti sá eré 15 ṣáájú ọjọ́ yẹn, ó sì ti gba gbogbo wọn. Ọ́ọ̀dì rẹ̀ jẹ́ 1/3, tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá fi £3 lé e, £1 ni èrè rẹ̀. Roberto, tí tirẹ̀ jẹ́ 12/1, ló nà án. Kò sí ẹṣin mìíràn tó na Brigadier Gerard títí tó fi fẹ̀yìn tì. Màá padà sọ bí Roberto ṣe rí i ṣe, torí kì í ṣe oríire lásán.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré, kì í ṣe ẹṣin ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, ilẹ̀ ni. Orí Knavesmire ni pápá York wà, ilẹ̀ amọ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí òjò sì máa ń fìyà jẹ. Ní 2008, omi gba gbogbo pápá náà, wọ́n fagi lé eré oṣù Kẹjọ látòkèdélẹ̀, títí wọ́n fi gbé èyí tó lórúkọ jù nínú wọn, International, lọ sí Newmarket. Wàá rí i tí wọ́n kọ bí ilẹ̀ ṣe rí sókè ìwé eré: firm ni ilẹ̀ tó le, good ni èyí tó wà déédéé, soft ni èyí tó rọ̀, heavy sì ni ẹrẹ̀ pátápátá. Ẹṣin tó ń gbé orúnkún sókè tó sì ń jan pátákò mọ́lẹ̀ sábà máa ń gbádùn ilẹ̀ rírọ̀. Èyí tó ń sáré bíi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fẹ́ kúrò nílẹ̀, ilẹ̀ líle ló ń wá. Òjò wákàtí méjì lóru Jímọ̀ lè sọ gbogbo ohun tí àwọn ìwé ìròyìn kọ ní ọ̀sán Jímọ̀ di asán, àwọn tó ti fowó sílẹ̀ ṣáájú kò sì lè gbà á padà.

Lẹ́yìn ilẹ̀, wo ìlà nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹṣin. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ni ipò tó ṣe nínú eré kan. Ká ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 321-40. Apá ọ̀tún ni ti ẹnu àìpẹ́ yìí. Àmì tó wà láàárín ló pín ọdún tó kọjá kúrò lára ọdún yìí. Òdo yẹn ní pé ipò kẹwàá tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣe nígbà tó sá kẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ̀ á rí òdo, á sá. Èmi á kọ́kọ́ béèrè pé níbo ló ti gbé òdo wá. Bó bá jẹ́ nínú ẹrẹ̀, nínú eré fọ́lọ́ǹgì mẹ́wàá, ìyẹn nǹkan bíi 2,000 mítà, tó sì jẹ́ pé lórí ilẹ̀ líle, ní fọ́lọ́ǹgì méje, ló ti gba 2 àti 1 tó wà lọ́dún tó kọjá, tí ti òní náà sì jẹ́ fọ́lọ́ǹgì méje lórí ilẹ̀ líle, a jẹ́ pé òdo yẹn ṣe mí lóore. Ó ti lé àwọn èèyàn lọ, ó sì ti gbé ọ́ọ̀dì rẹ̀ sókè fún mi. Lẹ́tà náà wà níbẹ̀: C ní pé ó ti gba eré ní pápá yìí rí, D ní pé ó ti gba eré tó gùn tó báyìí rí.

Ebor fúnra rẹ̀ jẹ́ hándíkáàpù, ìyẹn eré tí ẹṣin tó dára jù ti ń gbé ìwọ̀n tó wúwo jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Àjọ tó ń darí eré ẹṣin ní Britain ló ń fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní máàkì, máàkì kan sì jẹ́ ìwọ̀n páùn kan lórí ẹ̀yìn. Ẹṣin tó ní 105 á gbé páùn 10 ju èyí tó ní 95 lọ. Ohun tí ẹni tó ń pín ìwọ̀n ń wá ni pé kí gbogbo wọn dé ojú ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ ni láti da iṣẹ́ rẹ rú. Ọ̀nà tó kù ni kí o wá ẹṣin tí máàkì rẹ̀ kò tíì bá a. Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò tíì sá púpọ̀, tó ń dára sí i bó ṣe ń sá. Ó lè jẹ́ ẹṣin tó ń fi agbára parí eré fọ́lọ́ǹgì méjìlá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí mẹ́rìnlá ti Ebor. Ó sì lè jẹ́ àgbà ẹṣin tó ti ń kùnà bọ̀, tí máàkì rẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé ó kéré sí èyí tó fi gba eré kẹ́yìn. Irú èyí ni mo fẹ́ràn jù, àwọn èèyàn kì í fẹ́ wò ó lójú.

Wàyí o, ti Roberto. Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, lórí pápá bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹṣin kan ṣoṣo nínú eré ló fẹ́ràn láti ṣíwájú, òun ni yóò pinnu bí eré ṣe máa yá tó, á máa tọ́jú agbára, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì pẹ́ kí wọ́n tó fura. Bó bá jẹ́ mẹ́rin ló ń du iwájú, wọ́n á pa ara wọn, ẹni tó fara balẹ̀ lẹ́yìn á wá kọjá wọn ní fọ́lọ́ǹgì tó kẹ́yìn. Ẹni tó gun Roberto lọ́jọ́ náà, jọ́kì Braulio Baeza, ará Panama, tú u sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a mọ́. Nítorí náà, kí o tó mú ẹṣin, ka àkọsílẹ̀ eré tí wọ́n ti sá kọjá, kí o ka iye àwọn tó ń fẹ́ ṣíwájú.

Ti jọ́kì olórúkọ ńlá, má jẹ́ kó gba àkókò rẹ. Orúkọ rẹ̀ ti gé ọ́ọ̀dì kúrú kí o tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ọ̀dì gan-an ló sì ya ẹni tó mọ ẹṣin sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń jèrè. Ohun tí ẹ̀ ń kọ ní 6.00 lórí bọ́ọ̀lù, 5/1 ni lórí pápá. Ká ní ẹṣin mẹ́fà ló ń sá, ọ́ọ̀dì wọn sì jẹ́ 2/1, 3/1, 4/1, 6/1, 8/1 àti 10/1. Yí wọn sí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún (2/1 jẹ́ ìgbà 1 nínú 3, ìyẹn bíi 33; 4/1 jẹ́ ìgbà 1 nínú 5, ìyẹn 20), kí o ro wọ́n pọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 113. Ohun tó lé lórí 100 yẹn ni búkì, ẹni tó ń gba tẹ́tẹ́, fi ń ra ọkọ̀. Bí o bá gbà pé ẹṣin kan lè gba eré yìí ní ìgbà 20 nínú 100, 4/1 kò fún ọ ní nǹkan kan, 6/1 ni kí o bá lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1996, jọ́kì Frankie Dettori gba gbogbo eré méje ní pápá Ascot. Fujiyama Crest, èyí tó gùn kẹ́yìn, wà ní 12/1 láàárọ̀. Nígbà tó fi gba mẹ́fà tán, owó àwọn èrò ti rọ́ wọlé, ó ti já sí 2/1. Ẹṣin yẹn náà ni, ìwọ̀n tó gbé kò sì yí padà. Ó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á ní 2/1 ra ọjà ọ̀wọ́n.

Bí ẹ bá dé pápá, kúrò nídìí ọtí, lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń fa àwọn ẹṣin yípo kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Wo àárín itan ẹ̀yìn wọn. Bí ìfófòó funfun bá ti ń hó níbẹ̀ bí ọṣẹ, tí oòrùn kò sì mú, ẹṣin yẹn ti ń lo agbára rẹ̀ dànù. Wo ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń tẹ̀: èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ kọjá ojú ẹsẹ̀ iwájú, tí ara rẹ̀ ń dán, tó sì ń rìn bí ẹni tí kò kánjú, mo máa ń fẹ́ràn rẹ̀. Ìwòye yìí kò lè sọ ẹṣin burúkú di rere, ṣùgbọ́n ó ti gba èmi lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ààyò.

Fún ti ibi iṣẹ́ yín, níwọ̀n bí ẹ ti gbọ́dọ̀ mú ẹṣin kọ̀ọ̀kan nínú eré méjèèje, mú ààyò níbi tí ẹṣin ò bá ti pọ̀ tí kì í sì í ṣe hándíkáàpù, kí o fi làákàyè rẹ ṣiṣẹ́ nínú àwọn tó kù. Owó ara rẹ ní tirẹ̀, eré méjì ti tó. Fi eré àwọn ọmọ ọdún méjì tí ọ̀pọ̀ wọn ò tíì sáré rí sílẹ̀ fún àwọn tó ni wọ́n. Nínú Ebor, tí ẹṣin lè tó 22, èyí tí wọ́n ń pè ní each-way ló bójú mu: béètì méjì ni, ọ̀kan lórí pé ó máa gbà á, ìkejì lórí pé ó máa wà lára àwọn tó ṣíwájú. Bí ẹṣin inú hándíkáàpù bá tó 16, ipò mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń san, ní ìdá kan nínú mẹ́rin ọ́ọ̀dì. £2 each-way, tó jẹ́ £4 lápapọ̀, lórí ẹṣin 16/1 tó ṣe ipò kẹta, £10 ni wọ́n á kà lé ọ lọ́wọ́. Béèrè lọ́wọ́ búkì náà kí o tó sanwó, torí àwọn kan máa ń san ju ipò mẹ́rin lọ lọ́jọ́ ńlá.

Má sì fi orúkọ ẹṣin rẹ sílẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀. Dúró di àárọ̀ Sátidé, wo bí ilẹ̀ ṣe rí, wo àwọn tí wọ́n ti yọ kúrò. Kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì, bi ẹni tó ń gba owó yín léèrè ohun tí ẹ máa ṣe bí ẹṣin tí ẹnì kan mú kò bá sá mọ́.