Níbo Ni A Ti Lè Rí Ọ̀gá Tí Yóò Kọ́ Ọmọ Wa Níṣẹ́ Jórinjórin?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ti pé ọmọ ọdún 17, ó sì ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Iṣẹ́ jórinjórin ló wù ú, mo sì ti fara mọ́ ọn. Ọ̀gá mẹ́ta ni a ti tọ̀ lọ ní àdúgbò wa. Èkíní ní àwọn ọmọṣẹ́ tí òun ní ti pọ̀ jù. Èkejì ní kí a san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí a kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kí ọmọ náà wá máa gbé lọ́dọ̀ òun fún ọdún mẹ́fà. Níbo ni kí a tún gbà? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀gá kejì àti ẹ̀kẹta dùn yín. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974, sọ pé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i, àti pé kò gbọdọ̀ ju ọdún márùn-ún lọ. Ọmọ tó bá sì ti pé ọdún 16 lè tọwọ́ bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ìwé tí òbí, ọ̀gá àti onígbọ̀wọ́ jọ fọwọ́ sí láìdé iwájú òṣìṣẹ́ ìjọba ló wọ́pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n ọ̀gá tí kò fẹ́ ìwé kankan rárá, ẹ má ṣe gbé owó yín fún un. Ní ti ẹni tó fẹ́ kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ òun, a ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé omi pípọn àti aṣọ fífọ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fi ọdún méjì àkọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀gá àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ padà lọ bá. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀rọ méjì kò lè tó ọmọṣẹ́ mẹ́wàá kọ́ṣẹ́ ti fi hàn pé òun ka iṣẹ́ kíkọ́ sí. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó júwe àwọn tó ti gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀ fún yín, nítorí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ló sábà máa ń wá ọmọṣẹ́ lójú méjèèjì. Bí ẹ bá sì rí géètì tàbí bọ́gílárì ojú fèrèsé tí ojú ìjórin rẹ̀ dán, ẹ béèrè ẹni tó ṣe é lọ́wọ́ onílé, kí ẹ sì wá ẹni náà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdúgbò rẹ̀ jìnnà sí tiyín. Ẹ tún lè rí alága ẹgbẹ́ àwọn jórinjórin. Iwájú ẹgbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kó ẹjọ́ ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ lọ, nítorí náà ó mọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹjọ́ kì í tán níbẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kí ọmọ náà lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí ó máa wo ohun tí ọmọṣẹ́ tó ti lo ọdún méjì ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé irin gbígbé àti ọ̀dà kíkùn nìkan ni, tí ọ̀gá kì í fún un ní ẹ̀rọ jórin, ọmọ tiyín náà yóò bá irú rẹ̀ pàdé. Kí ó wò ó bóyá awò dúdú wà fún àwọn ọmọṣẹ́, torí pé ẹni tó bá fi ojú lásán wo iná náà ní ọ̀sán, ojú yóò máa ta á ní òru bí ẹni pé iyanrìn kún inú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n sọ fún ọmọ yín pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe rí. Kí ó tún wò ó bóyá jẹnẹrétọ̀ wà, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù tí kò ní i, ọjọ́ tí iná ìjọba bá lọ ni ẹ̀kọ́ dúró.

Nínú ìwé àdéhùn, ẹ jẹ́ kí iye ọdún, iye owó àti ìgbà tí ẹ óò máa san án díẹ̀díẹ̀ hàn kedere, kí ẹ sì kọ ẹni tí yóò gbé owó ìtọ́jú bí ọmọ bá farapa. Owó fíríìdọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń gbàgbé. A ti rí ọmọ tó parí iṣẹ́ tí kò lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá fún oṣù mélòó kan, nítorí pé ohun tí ọ̀gá béèrè fún ayẹyẹ náà ju ohun tí wọ́n jọ sọ lẹ́nu lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, bóyá yóò yọ̀ǹda ọmọ náà láti ṣe tíréèdì tẹ́ẹ̀sì, ìdánwò tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ máa ń ṣe fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ìpele kẹta ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó gòkè dé ìpele kìn-ín-ní, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì ni ọmọ náà lè mú lọ sí iléeṣẹ́ ńlá tí kò mọ ọ̀gá rẹ̀ rí.