Bí ọ̀nà omi ẹ̀rọ yìnyín inú fíríjì bá ń dì léraléra

Ẹ kú ìrọ̀jú o, Mọ́mì. Ẹ ní ẹ̀rọ yìnyín inú fíríjì yín nílé ní Ìkẹ́rẹ́ ò gba omi mọ́, wọ́n bu omi gbóná sí i, ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, ó tún dì. Omi gbóná kàn yọ́ yìnyín náà ni. Ohun tó ń mú un dì ṣì wà níbẹ̀.

Ní Èkìtì níbí, omi kì í dì nínú páìpù ara ògiri, kódà nígbà ọyẹ́. Ọ̀pá kékeré tó gba ẹ̀yìn fírísà wọlé, tó ń da omi sínú àwo yìnyín, ibẹ̀ ló ti ń dì. Fáàfù tó ń ṣílẹ̀kùn omi fún un wà lẹ́yìn fíríjì, nísàlẹ̀. Bí kò bá pa dé, omi á máa kán tó, tó, tó. Omi tó ya wọlé lẹ́ẹ̀kan kì í ráyè dì. Èyí tó ń kán ló ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá títí ẹnu rẹ̀ á fi dí.

Táǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Agbára omi ló ń bá fáàfù tẹ rọ́bà inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè pa, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì ń fẹ́ 20 psi ó kéré tán (psi ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára omi). Mítà kọ̀ọ̀kan tí omi inú táǹkì fi ga ju fáàfù lọ ń fúnni ní bíi 1.4 psi. Mítà 6 á fún yín ní bíi 8.5, kí ẹ tó rí 20, ó di mítà 14. Ilé mélòó ló ní irú táǹkì bẹ́ẹ̀? Ẹ má wo ti táàpù kíṣìnnì tó ń ya dáadáa o, ìyẹn ò fi hàn pé agbára tó.

Ẹ yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ ti omi pa, ẹ kó yìnyín inú àwo kúrò. Ẹ fi síríńjì ńlá fún omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Omi híhó lè mú ike sán. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí irin gún un rárá. Tó bá ti yọ́ tán, ẹ nu ẹnu rẹ̀ gbẹ, ẹ ṣí omi padà, àmọ́ kí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní yíyọ. Ẹ tẹ́ tíṣù funfun gbígbẹ síbẹ̀ fún wákàtí kan. Bí omi bá rin tíṣù náà, fáàfù ń jò láìsí iná níbẹ̀.

Kí ẹ tó ra fáàfù tuntun, ẹ ní kí púlọ́ńbà fi géèjì wọn agbára omi lẹ́nu họ́ọ̀sì tó wọ fíríjì. Bí kò bá tó 20, fáàfù tuntun náà á máa jò. Pọ́ńpù kékeré tó ń tan fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi sí i. Bó bá tó, ẹ pààrọ̀ fáàfù. Fíríjì tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà sábà máa ń lo fáàfù 120 volt. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ti àtijọ́ kí ẹ tó sanwó, torí 240 lọ́pọ̀ ọjà wa, kò sì ní ṣí dáadáa lórí 120.

Ẹ fi fírísà sí -18°C. Mo mọ̀ pé nítorí iná tó ń lọ ni àwọn èèyàn ṣe ń gbé e dé òpin òtútù, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ìkán omi díẹ̀ ṣe ń di yìnyín kíákíá. Fílítà omi náà, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù mẹ́fà mẹ́fà; tí ìdọ̀tí bá dí i, ó ń dín agbára omi kù.