Ọmọ Mi Ń Retí GTA VI, Màmá Mi Ń Retí Wa fún Iléyá

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Leeds là ń gbé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni èmi àti bàbá wọn. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti di ọmọ ọdún 13, géèmù sì ti gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Tó bá ti ilé ìwé dé, ó di inú yàrá, á fi headphone bo etí, á máa bá àwọn tí n kò rí sọ̀rọ̀. Mo pè é wá jẹun, ó ní, “Mummy, kò ṣeé pause.” Sunday tó kọjá, màmá mi pè wá lórí WhatsApp láti ilé. Ọmọ yìí ò yíjú, ọwọ́ kan ló jù sókè kí ìyá ìyá ẹ̀. Ó dun màmá mi wọnú egungun. Wọ́n ní kí n gba gbogbo ẹ̀ dànù, àbí kí n fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí a bá wálé fún Iléyá, àwọn á fi í sí bọ́dìn ní Rẹ́mọ, ojú ẹ̀ á là.

Èyí tó wá kó mi láyà sókè jù ni GTA VI, géèmù tuntun kan tí wọ́n ń pariwo ẹ̀. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló máa ní in. Ó ní PS4, ẹ̀rọ géèmù tí a rà fún un, ò lè gbé e, àfi ká ra PS5 tó jẹ́ tuntun. Bàbá wọn ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, pé géèmù ni, kì í ṣe igbó. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá ni? Ṣé ká gbé PS4 yẹn wálé fún Ojúde Ọba, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìyá ọmọ mẹ́ta, Leeds

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ Ṣàgámù ni mí, London ni mo fi ṣe ibùgbé. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbá géèmù. Èmi tí mo bí wọn náà ń gbá a, láti ìgbà tí Sega wà nílé àwọn olówó àdúgbò wa, tí àwa tó kù máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà títí á fi kàn wá.

Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá. Ẹ má sì ra GTA VI fún un. Láàárín méjèèjì yìí ni iṣẹ́ wà: kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ gba pádì kejì, ìyẹn ohun ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí géèmù, kí ẹ fojú ara yín rí ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó dájọ́. Bàbá wọn ò tíì wò ó, màmá náà ò tíì wò ó. Ọ̀kan-ò-jọ̀kan ni géèmù. Èyí tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò wà níbẹ̀, èyí tó fẹ́ tú àpò yín wà níbẹ̀, èyí tí kò yẹ kí ojú ọmọdé rí rárá náà wà níbẹ̀, orí PS4 kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí GTA. Èyí tó wà níta báyìí, ìkarùn-ún, tó jáde ní September 2013, 18 gàdàgbà ni wọ́n kọ sára páálí ẹ̀. Ní UK níbí, láti July 2012 ló ti lòdì sófin kí ṣọ́ọ̀bù ta irú ẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ orí náà. Mo ti gbá a parí. Àwọn tó ṣe é mọṣẹ́, ẹ lè wa mọ́tò kiri ìlú yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú láìṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n de ọkùnrin kan mọ́ àga, tó jẹ́ pé ẹ̀yin tí ẹ di pádì mú lẹ máa fìyà jẹ ẹ́, pílíà tí wọ́n fi ń yọ eyín sì wà lára irinṣẹ́ tí wọ́n kó síwájú yín. Mo dàgbà, mo ti bímọ, ibẹ̀ ṣì rí mi lára. N ò retí pé ìkẹfà á rọ̀ jù ú lọ. Ẹ sọ fún ọmọ yín bẹ́ẹ̀ ní tààrà, pé ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀, ìdí nìyí tí ẹ fi ní rárá. Ọmọ tó rí i pé ìyá òun mọ ohun tó ń sọ kì í jiyàn bíi ti ẹni tí wọ́n kàn ń pariwo mọ́.

Òótọ́ ló sọ nípa PS4 o. PS5 àti Xbox tuntun nìkan ni wọ́n ní GTA VI máa bá jáde. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń sún un. December 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fídíò ẹ̀ hàn wá, wọ́n ní 2025. Nígbà tó yá, wọ́n ní 26 May 2026. Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ Iléyá gan-an nìyẹn! Ẹ fojú inú wò ó: àgbò wà lórí ìso lẹ́yìnkùlé màmá, ọmọ yín ń sunkún Leeds. Àwọn fúnra wọn ló yọ yín, wọ́n tún sún un sí 19 November 2026.

Àwa tí a ń gbá géèmù ti mọ ìdúró bí ẹni mọwó. Wọ́n kéde Duke Nukem Forever ní 1997, 2011 ló tó dé, nígbà tó sì dé, kò dùn. Wọ́n sún Cyberpunk 2077 léraléra. Nígbà tó jáde ní December 2020, ó ń kú lórí PS4 bí iná NEPA, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà Sony yọ ọ́ kúrò lórí igbá. Àwọn tó ti sanwó sílẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ ìyà ẹ̀. Ẹ tún wo Silksong, iṣẹ́ àwọn èèyàn mẹ́ta kan ní Adelaide ní Australia: February 2019 ni wọ́n kéde ẹ̀, a dúró títí di 4 September 2025, ọjọ́ tó jáde ni èrò ya bo àwọn ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi dákú. Ogún dọ́là ni wọ́n tà á, ó sì tó gbogbo ọdún tí a fi dúró.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó fi owó ọjọ́ ìbí ẹ̀ sanwó sílẹ̀ fún ohunkóhun tí kò tíì jáde. Ẹ sì sọ èyí fún un, torí ó máa tù ú nínú: GTA V tó jáde fún PS3 ní 2013, wọ́n tún un ṣe fún PS4 ní 2014, wọ́n tún un ṣe fún PS5 ní 2022, wọ́n ṣì ń tà á. Géèmù yẹn kì í kú. Lọ́jọ́ tó bá pé ọdún 18, ìkẹfà á ṣì wà lórí igbá, owó ẹ̀ á ti wálẹ̀, àwọn àṣìṣe inú ẹ̀ á sì ti tán.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí gan-an, ẹ ò tiẹ̀ mẹ́nu bà á. Àwọn géèmù ọ̀fẹ́! Fortnite ò gba kọ́bọ̀ kí ọmọ tó wọlé, inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta aṣọ àti ijó fún un. Ní December 2022, ìjọba Amẹ́ríkà mú ilé iṣẹ́ tó ni ín, wọ́n gbà láti san 520 mílíọ̀nù dọ́là. 245 mílíọ̀nù nínú ẹ̀ jẹ́ owó àdápadà fún àwọn oníbàárà, torí bọ́tìnnì tí wọ́n tò lọ́nà tí èèyàn á ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, owó á sì lọ. Bọ́ọ̀lù tí a ń pè ní FIFA tẹ́lẹ̀, tó di EA Sports FC ní 2023, ní páàkì tí ọmọ máa ń rà láìmọ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú ẹ̀. Kíóósì Bàbá Ìjẹ̀bú ni, àfi pé inú yàrá ọmọ yín ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn ará Belgium pè é ní tẹ́tẹ́ ní 2018, nígbà tó di January 2019 ilé iṣẹ́ tó ni géèmù náà ti dáwọ́ títa owó orí ẹ̀ dúró níbẹ̀. Lálẹ́ òní, ẹ wọ inú setting PS4 yẹn, ẹ ṣí àkáǹtì ọmọdé fún un, ẹ fi ìnáwó oṣooṣù sí òdo, ẹ fi wákàtí ojoojúmọ́ sí iye tí ẹ bá fẹ́. Ẹ má fi káàdì yín síbẹ̀.

Ní ti “kò ṣeé pause,” ọmọ náà ò purọ́. Géèmù tó ń bá àwọn ẹlòmíì gbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní dúró dè é, tó bá dìde, àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ ló dà. Kí iyán tó jinná ni kí ẹ pè é: “Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ yìí ni ìkẹyìn.” Ó máa ṣiṣẹ́. Ti màmá ò rí bẹ́ẹ̀ o. Nílé wa, tí àgbà bá pè láti ilé, pádì á lọ sílẹ̀, ọmọ á dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù, ìbáà jẹ́ àṣekágbá ló ń gbá. Tí wọ́n bá pa á nínú Fortnite, kò ní pẹ́ tún jí. Ẹ jẹ́ kó pe màmá padà lónìí, kó tọrọ àforíjì lẹ́nu ara ẹ̀.

Bọ́dìn Rẹ́mọ ńkọ́? Ilé ìwé wa dára, ibẹ̀ ló tọ́ mi, ṣùgbọ́n a kì í fi ilé ìwé jẹ ọmọ níyà. Àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí i ní May 2019 pé àìsàn géèmù wà lóòótọ́. Àmì tí wọ́n tò sílẹ̀ ni pé apá ẹni náà ò ká a mọ́, ó fi géèmù síwájú gbogbo nǹkan, ó ń ba ayé ẹ̀ jẹ́ kò sì lè dúró, fún bí oṣù 12. Ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, tó ń jẹun, mi ò rí ìyẹn lára ẹ̀.

Ẹ fún un ní èyí tó dáa. Ọmọbìnrin mi ń gbá Minecraft, géèmù tí wọ́n ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé, tí wọ́n sì ń gbẹ́ ilẹ̀. Mo sọ ìtàn Èrèdó Sùngbọ́ fún un, odi àti yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà, tó ga tó 20 mítà láwọn ibì kan. Búlọ́ọ̀kù kan nínú Minecraft, mítà kan ni. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, ogún búlọ́ọ̀kù sísàlẹ̀. Ó dúró létí kòtò náà, ó ní, “Daddy, àwọn wo ló wa èyí láìsí katapílà?” Tí ẹ bá délé, ẹ mú ọmọ yín lọ sí Òkè-Èrì, kó rí ti gidi.

Ẹ jẹ́ kó bá àwọn ọmọ ilé gbá. Àkọ́bí mi ní kò sí ọmọ Ṣàgámù tó lè na òun ní bọ́ọ̀lù géèmù. Mo mú un lọ sí ìsọ̀ géèmù kan ládùúgbò: tẹlifíṣọ̀n méjì, bẹ́ǹṣì kan, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn, pádì tí rọ́bà orí ẹ̀ ti jẹ tán. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó borí á jókòó. Ọmọ kékeré kan tó ń jẹ gúgúrú nà án márùn-ún sí òdo. Ọmọ mi ní lag ni, pé íntánẹ́ẹ̀tì ló ń fa géèmù sẹ́yìn. Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín: lag wo, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo? Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì. Yorùbá tó gbé bọ̀ láti ìsọ̀ yẹn ju èyí tí mo ti ń kọ́ ọ láti kékeré lọ.

Tí àgbà kan bá ṣì ń ta ayò nílé yín, ẹ jókòó ọmọ náà síwájú ẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, kò gba íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kó rí bí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, ṣe ń kó odù, ìyẹn ọ̀pọ̀ ọmọ ayò sínú ihò kan, jọ sílé ara ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí á sì tú u lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ gbé PS4 náà wálé. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn ẹlẹ́ṣin ilé Balógun bá ń wọ Ojúde Ọba, inú báàgì ni kó wà. Ẹnu púlọ́ọ̀gì UK bá ti ilé mu, ṣùgbọ́n ẹ fi stabilizer sí i, iná wa ń lọ sókè-sódò. Gbogbo update ni kí ẹ ti fi Wi-Fi Leeds ṣe tán kí ẹ tó gbéra, ẹ má sì gbàgbé pádì kejì. Tí setting yẹn bá ta kókó, ẹ kọ̀wé sí mi, a jọ máa ṣe é lórí fídíò.

Bàbá ọmọ mẹ́ta, London