Kó o tó sanwó 504 yẹn, wo ọwọ́ tí sítíárìn rẹ̀ wà

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní ẹ fẹ́ ṣe fíìmù àwọn adigunjalè Èkó ní 1971, ìgbà Oyenusi tó jẹ́ olórí adigunjalè, pé ẹnì kan ní Abẹ́òkúta fẹ́ yá yín ní Peugeot 504 funfun. O wá ń bèèrè bóyá ọkọ̀ náà bá ìgbà yẹn mu, àti bóyá kí ẹ tún un kùn kó máa dán bíi ti àwọn fíìmù jàǹdùkú Amẹ́ríkà. Ohun tí ojú mi rí lórí irú iṣẹ́ yìí kò ṣeé fẹnu sọ tán, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Tó bá jẹ́ ti ọdún nìkan, 504 ò lẹ́jọ́. 1968 ni Peugeot gbé e jáde ní Paris, ó lè ti dé Èkó ní 1971. Ibi tí ọ̀mọ̀wé tí a gbà síṣẹ́ nígbà tí àwa náà ṣe irú fíìmù yìí parí ọ̀rọ̀ sí nìyẹn. Ó ní ọdún ti bá a mu, ká máa bá iṣẹ́ lọ. A sanwó fún un, owó ńlá. Kò fìgbà kankan bi wá pé ọwọ́ wo ni sítíárìn àwọn mọ́tò náà wà.

Apá òsì títì ni gbogbo Nàìjíríà ń wakọ̀ nígbà náà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, 2 oṣù kẹrin 1972, la tó bọ́ sápá ọ̀tún, torí pé ọ̀tún ni gbogbo àwọn tó yí wa ká ń tọ̀: Dahomey (Benin òde òní), Niger, Cameroon. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ọwọ́ ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí nínú mọ́tò. 8 oṣù kẹsàn-án 1971 ni wọ́n sì yìnbọn pa Oyenusi ní Bar Beach. Títí tó fi kú, kò rí ọjọ́ kan tí Èkó ń wakọ̀ lápá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ 504 tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ yìí, Kaduna ni wọ́n ti tò wọ́n, 1975 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ òsì ni sítíárìn wọn wà.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe wá. Fíìmù wa kò gùn, ogójì ìṣẹ́jú péré, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ la fi ṣe é. 504 méjì la ní, àti Volkswagen ìjàpá kan, gbogbo wọn ló jẹ́ sítíárìn òsì. Ọjọ́ kẹfà tí a ti ń ya àwòrán ni bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ awakọ̀ wá wò wá. Wọ́n dúró, wọ́n wo mọ́tò, wọ́n wo títì, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìlú wo lẹ̀ ń ṣe?" Wọ́n ṣàlàyé fún wa. Gbogbo wa dákẹ́. Owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹni tó ń to àwòrán pọ̀ ló ní ká má ṣe ìyọnu, pé òun á yí àwòrán náà padà bí ìgbà tí èèyàn ń wo dígí: òsì á di ọ̀tún, sítíárìn á bọ́ sápá tó yẹ, mọ́tò náà á máa tọ òsì lọ. Òótọ́ ni, wọ́n máa ń ṣe é. A ní kí wọ́n tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ tó kọjú sẹ́yìn fún èyí tó ṣẹ́ kù láti yà, kó lè ṣeé kà tí wọ́n bá yí i tán. A yẹra fún ojú ṣọ́ọ̀bù tó ní àkọlé. A rò pé a ti gbọ́n.

A gbé e lọ sí Ìbàdàn fún àwọn àgbàlagbà wò. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọkùnrin adigunjalè náà fi mọ́tò já wálé, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyá rẹ̀, ó sì yọ owó lápò, ó nà án sí wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi nà án lọ́jọ́ tí a yà á. Lójú gbogbo Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ òsì ló fi fún àgbà lówó, bàbá náà sì nawọ́ òsì gbà á. Gbọ̀ngán náà dàrú. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni!" Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ń bínú pé irú ọmọ wo nìyí. Bàbá tó ṣe eré náà tún kọ ilà ìbàmú, ó gba apá kan ojú wọn kọjá. Tí wọ́n bá wà nínú ilé, ìbàmú náà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Tí wọ́n bá jáde síbi tí mọ́tò wà, ó ti sọdá sí ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ nípa ìtàn náà tán síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ohun tí ọmọ náà wá sọ fún bàbá rẹ̀ àgbà. Mo jókòó sórí àga, mi ò lè gbójú sókè.

Nítorí náà, tí wọ́n bá sọ fún yín pé kí ẹ yí àwòrán padà, ẹ má gbà, àyàfi ibi tí kò ti sí èèyàn tó ń fọwọ́ ṣe nǹkan. Kìnnìún iwájú Peugeot pàápàá á kọjú síbi tí kò kọjú sí rí.

A tún àwọn apá ibẹ̀ yà. Màmá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde yá wa ní Morris Minor tí ọkọ wọn tó ti di olóògbé fi sílẹ̀, sítíárìn ọ̀tún, àwọ̀ eérú, gbogbo ìdérí táyà rẹ̀ pé, lẹ́tà M sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. A gba ìwé àṣẹ. Mo fi nọ́ńbà àtijọ́ sí i, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LA, mo sì ṣe àṣìṣe pé orí títì ni mo wà á gbà wá sí Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó dá wa dúró, wọ́n ní ayédèrú nọ́ńbà ni. Mo na ìwé àṣẹ sí wọn. Wọ́n ní ọ́fíìsì tó fún wa níwèé yẹn kò kan àwọn. Mo padà sí ọ́fíìsì náà, wọ́n ní àwọn tiwọn ti ṣe, kí n lọ bá àwọn tó mú mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ. Òjò ń pa mọ́tò náà ní gbangba, kò sẹ́ni tó fi tapólì bò ó. Nígbà tí wọ́n máa fi í sílẹ̀, ìdérí táyà méjì ti lọ. Èmi ni mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú màmá náà. Wọn ò sọ ju pé, "Ọjọ́ Sátidé ni bàbá yín máa ń fọ wọ́n." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Lọ́rì ni kí ẹ fi gbé mọ́tò dé ibi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti pààrọ̀ nọ́ńbà, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti yọ ọ́. Títì tí wọ́n ti dí pa nìkan ni kí ẹ ti wakọ̀ lápá òsì, ẹ má dán an wò níbòmíràn. Ti àdéhùn kíkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ni mọ́tò, ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí mẹkáníìkì yẹ bíréèkì wò kí òṣèré tó jókòó sídìí rẹ̀. Bíréèkì Morris àtijọ́ kì í mú bíi ti òde òní, ẹ sì fẹ́ kó máa sá níwájú olópàá.

Ti ọ̀dà dídán yẹn, jọ̀wọ́ má ṣe é. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ fíìmù jàǹdùkú Amẹ́ríkà jẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú mọ́tò àtijọ́ bí ẹyin ni wọ́n ti ń yá wọn, gbogbo títì á wá máa dán, gbogbo mọ́tò á sì jẹ́ ti ọdún kan náà. Títì kankan kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Ó lé ní mílíọ̀nù 15 Model T tí Ford ṣe kó tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1927, wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n ti gbó, ìdọ̀tí ti bò wọ́n. Ọwọ́ olè ni tuntun máa ń wà. 1932 ni Ford fi ẹ́ńjìnnì V8 sínú mọ́tò tówó rẹ̀ kò wọ́n, kò sì pẹ́ tí àwọn adigunjalè fi rí i pé ó ń sá ju ti ọlọ́pàá lọ. Ní 23 oṣù karùn-ún 1934 tí wọ́n yìnbọn pa Bonnie Parker àti Clyde Barrow ní Louisiana, Ford V8 ọdún 1934 náà ni wọ́n wà nínú rẹ̀, wọ́n jí i ni.

Bó ṣe yẹ kó rí ní Èkó yín náà nìyẹn. Kí ọwọ́ àwọn olè tàbí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan nìkan ni 504 wà. Kí títì kún fún Morris Minor, Opel Rekord, Peugeot 403 àti 404 tí jíà rẹ̀ wà lára sítíárìn, ìjàpá, àti bọ̀lẹ́kájà Bedford onípákó. Volkswagen Igala ò gbọdọ̀ yọjú, ẹ̀yìn 1975 ló dé. Peugeot 505 ńkọ́? 1979. Kí owó tí wọ́n bá jí jẹ́ pọ́n-ùn, torí 1 oṣù kìíní 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì ṣọ́ Third Mainland lẹ́yìn àwòrán, 1990 ni wọ́n ṣí i. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọta ìbọn ṣe ń rí lára mọ́tò ní tòótọ́, ẹ lọ wo Mercedes tí wọ́n pa Murtala sí ní 1976, ó wà ní mùsíọ́mù Onikan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 504 Abẹ́òkúta. Ní kí wọ́n ya fọ́tò inú rẹ̀ ránṣẹ́, láti ẹnu ọ̀nà iwájú, kí sítíárìn hàn, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan. Tó bá jẹ́ òsì, ẹ lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ lóru láìsí awakọ̀ níbẹ̀. Kò ní wúlò fún ohun mìíràn nínú ìtàn 1971. Morris màmá Ìjẹ̀bú-Òde ṣì ń ṣiṣẹ́. Màá bi wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bóyá wọ́n tún lè yá èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé èmi gan-an ni màá tẹ̀ lé e lọ, èmi ni màá sì tẹ̀ lé e bọ̀.